Irú Nínú Àpótí Èéfín

Ilé-àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan ní àdúgbò Logbaba, tí wọ́n tì nítorí kòrónà, fẹ́ ṣílẹ̀kùn padà lọ́la.

Tinúadé Àbẹ̀kẹ́ ló wá yẹ àpótí tó ń fa èéfín kẹ́míkà síta wò, kó má baà pa òṣìṣẹ́ lára.

"Àbẹ̀kẹ́, fọwọ́ sí ìwé pé àpótí yìí dáa, jàre," ni Jonah, ọ̀gá ilé-àyẹ̀wò náà, ń bẹ̀ ẹ́. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń po kẹ́míkà nídìí ẹ̀, n ò gbóòórùn kankan."

"Ọ̀gá, èéfín kì í purọ́."

Ó tan tùràrí sẹ́nu àpótí.

Èéfín ṣẹ́rí padà, ó ń lọ sójú Jonah.

"Èyí ò tó nǹkan!" ni Jonah wí.

Tinúadé rẹ́rìn-ín. Ó yọ irú tó rà ní ọjà Mboppi nínú báàgì, ó gbé e sínú àpótí, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá òórùn ẹ̀ máa jáde sínú yàrá.

Akọ̀wé pariwo láti ẹnu ọ̀nà: "Ta ló ń sebẹ̀? Pardon, ẹ bu tèmi o!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Jonah fa ìbòmú sílẹ̀, ó ki imú bọnú ọ̀rá irú.

"Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni. Irú yìí ò rùn rárá."

Ẹ̀rín dá.

Tinúadé rọra fà sẹ́yìn.

"Ọ̀gá mi, Olúwa á wò yín sàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ ṣàyẹ̀wò kòrónà."