Ilé Tí A Kò Rí Onílé Rẹ̀

Bí àlejò bá wọlé, tí kò sí ẹni tó kí i káàbọ̀, ǹjẹ́ a lè sọ pé ó ti dé?

Ìbéèrè yìí ló ń da Akíntómidé, olùkọ́ òfin, láàmú nínú ilé tó fi fóònù háyà lẹ́bàá òkè Ìdànrè. Kò rí onílé rí. Iléeṣẹ́ tó so wọ́n pọ̀ kò gbà kí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ àfi lórí ìkànnì rẹ̀. Ilé dákẹ́, ṣùgbọ́n omi gbígbóná kún garawa ní balùwẹ̀.

Ó kọ̀wé sí onílé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló gbé omi kalẹ̀?"

"Ẹ má tíì wẹ̀," ni èsì. "Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé kọ. Ẹ tètè pè mí sórí…" Àmì ìràwọ̀ mọ́kànlá ni iléeṣẹ́ fi bo nọ́ńbà náà.

Ó fi ìbínú kọ̀wé sí iléeṣẹ́: "Ẹ ní ẹ̀ ń dáàbò bò mí, ẹ ò sì jẹ́ kí onílé kìlọ̀ fún mi." Wọ́n dá a lóhùn pé àwọn mọyì rẹ̀ gan-an.

Ilẹ̀ ti ṣú, kò sì sí ọkọ̀ mọ́. Nínú yàrá kan tí òfin ilé ní kó má ṣí, sálúbàtà kan ń wọ́ lọ, ó ń wọ́ bọ̀. Akíntómidé dúró lẹ́nu ọ̀nà náà. Ẹ̀kọ́ ilé borí ìbẹ̀rù, ó tẹríba.

"Ẹ kú ilé o."

Sálúbàtà dúró. Ohùn arúgbó kan dáhùn láti inú yàrá: "Káàbọ̀, ọkọ mi. Omi rẹ ti ń tutù."