Fìlà Akínsànmí

Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lu Bàbá, ìka ọwọ́ òsì kan ṣoṣo ló kù tó ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Tó bá gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ló ń wí. Tó bá gbé e sókè lẹ́ẹ̀mejì, rárá ni. Tinúkẹ́ ọmọ rẹ̀, tó ń ta ọ̀dà ilé ní Deco Road ní Warri, ló ń túmọ̀ ìka náà fún gbogbo ayé, kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun dá sí i.

Ọ̀dọ̀ Tinúkẹ́ ni Mísítà Elisha, tó jẹ́ tíṣà, kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá láti iléèwé wọn ní Edjeba. Ogun Ìmàgbọn, tí àwọn Ìjẹ̀bú bá òyìnbó jà ní 1892, ni wọ́n fẹ́ fi ṣeré níwájú àwọn òbí. Hadassah, ọmọ Tinúkẹ́, ló sọ ní kíláàsì pé Akínsànmí, ẹ̀gbọ́n baba ńlá àwọn, ló dá nìkan dí àwọn òyìnbó lọ́nà létí odò títí oòrùn fi wọ̀. Tíṣà ti wá orúkọ náà nínú ìwé, kò rí i.

"Báwo ni òyìnbó ṣe máa kọ orúkọ ẹni tó nà án?" ni Tinúkẹ́ bi í.

Ọmọ ọdún méje ni Tinúkẹ́ nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn náà. Àwọn ọmọ iléèwé ń pè é ní "ngbati", wọ́n ní Yorùbá ò lè jà, ló bá sunkún wálé. Bàbá gbé e lé itan, ó sọ ti Akínsànmí fún un. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ Warri tó tún pa á lẹ́kún.

Àwọn ọmọ ṣí ìwé wọn.

"Grandpa, e wear red cap?"

Rárá.

"White nko?"

Rárá.

"Àbí kò dé fìlà ni, Bàbá?" Tinúkẹ́ bèèrè.

Rárá. Idà ńkọ́? Rárá. Ìbọn? Rárá. Ọwọ́ lásán? Rárá. Omi ti ń dà lójú Bàbá.

Mísítà Elisha pa ìwé rẹ̀ dé. "Mama Hadassah, e be like say Papa don tire."

"Kò rẹ̀ wọ́n o. Nǹkan kan wà tí a ò ṣe dáadáa ni."

Odindi oṣù kan ni wọ́n fi ń dán eré náà wò nínú ọgbà Tinúkẹ́, Bàbá kò sì yé sunkún. Wọ́n pààrọ̀ fìlà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n yí ọ̀rọ̀ ẹnu Akínsànmí padà, wọ́n yí ikú rẹ̀ padà. Rárá ni. Dókítà ti kìlọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọkàn Bàbá gbóná, pé tí àrùn náà bá tún dé, kò ní í dá a sí. Ọ̀rọ̀ náà tojú sú Tinúkẹ́. Baba rẹ̀ ń wò ó bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, kò sì mọ ohun tó ń bẹ̀ ẹ́ fún. Ó bínú sí ara rẹ̀, ó bínú sí ìka yẹn pàápàá.

Nígbà tí Sátidé tí wọ́n fẹ́ ṣe eré náà pé, ọgbà iléèwé kún. Ọ̀gá iléèwé kéde pé Akínsànmí ni wọn yóò máa pe gbọ̀ngàn tuntun. Hadassah dé fìlà aláwọ̀ ewé, ó jà, ó ṣubú létí odò, àwọn èèyàn sì dìde pàtẹ́wọ́.

Tinúkẹ́ kúnlẹ̀ síwájú kẹ̀kẹ́ arọ tí wọ́n fi gbé Bàbá wá síbẹ̀. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún mọ́. Ẹ foríjì wá. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo ti bi yín."

Hadassah sáré dé, ó ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó wo ojú Bàbá fún ìgbà díẹ̀.

"Grandpa, dis Akínsànmí sef, e ever dey dis world?"

"Pa ẹnu rẹ mọ́, ọmọ yìí! Bàbá lò ń bá sọ̀rọ̀ o!"

Kó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ìka Bàbá ti gòkè lẹ́ẹ̀mejì, ẹkún tó ti ń sun láti oṣù kan sì dáwọ́ dúró.