Omi Ilé Àgbò

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Hàlímátù pe Enoch wá sí Ìkòsì pé kó wá fa omi sí ilé àgbò tó wà lẹ́yìnkùlé òun, kó sì ṣe ọ̀nà tí ìdọ̀tí á máa gbà jáde. Ó ti pé ọdún méjìlá tí Enoch ti ń ṣe iṣẹ́ páìpù, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ilé àgbò náà, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa á. Páànù ti dípẹtà. Ènìyàn gbọ́dọ̀ tẹríba kó tó lè wọlé. Ilẹ̀ rẹ̀ sì rì láàárín bí àwo ọbẹ̀.

"Mummy, ẹ jẹ́ ká wó èyí ká kọ́ tuntun. Kò lè gbà ju ọjọ́ mẹ́ta lọ."

"Má wó o. Bó ṣe wà yẹn ni mo fẹ́ ẹ. Omi àti ọ̀nà ìdọ̀tí nìkan ni kí o ṣe."

"Àgbò mélòó ló máa wà níbẹ̀?"

"Ìwọ ṣáà ṣe é kó dáa, jàre."

Lọ́sàn-án, ó gbé gààrí tútù wá fún un, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó sì ń wò ó bó ṣe ń gbẹ́lẹ̀.

"Mo gbé inú ibẹ̀ yẹn rí," ó ní.

Enoch rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Kò ṣàwàdà. Ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, kí wọ́n tó ṣe àdúà ogójì ọkọ rẹ̀, Alhaji Olúrántí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ti gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lé àgbò síta, ó kó Hàlímátù àti ọmọ rẹ̀ sí àyè wọn, ó sì fi àgádágodo ti ìdérí kànga. Nígbà tí òjò dé, omi ń sun láti inú ilẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọmọ náà, Rùkáyátù, fi wú ikọ́ kó tó kú. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni.

"Inú mi ṣì ń ru, Enoch. Tí mo bá rí ọkùnrin yẹn, ó máa ń ṣe mí bíi kí n bù ú jẹ."

Nígbà tó yá, ẹbí pín ilẹ̀ náà. Wọ́n fún Hàlímátù ní apá òkè, Alhaji mú apá ìsàlẹ̀ pẹ̀lú kànga. Fẹ́ǹsì kan ló là wọ́n láàárín.

Enoch nàgà wo ẹ̀yìn fẹ́ǹsì. Alhaji jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó ti gbó, ó ti rù. Ẹnì kan ń fi ọ̀dà funfun pa ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ tó wà lára ògiri rẹ́. Ẹsẹ̀ mẹ́wàá péré ni kànga sí ibi tí Enoch ti ń gbẹ́lẹ̀, ilẹ̀ sì dagẹ̀ẹ̀rẹ̀ lọ síbẹ̀. Enoch fi ṣọ́bìrì sílẹ̀.

"Mummy, ẹ dákun, mi ò lè da ìtọ̀ ẹran sínú omi ẹnikẹ́ni. Èmi náà bímọ."

Hàlímátù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú.

"Ta ló ní kí o da á síbẹ̀? Ọ̀dọ̀ tèmi níbí ni kí o gbẹ́ kòtò ìdọ̀tí sí. Ẹ̀kán kan ò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ Alhaji."

Ká sòótọ́, ojú ti Enoch. Obìnrin yìí ti dárí ji Alhaji, òun wá ń rò ó sí ibi. Tọkàntọkàn ló fi ṣe iṣẹ́ náà. Ó rọ sìmẹ́ńtì sílẹ̀, ó sì jẹ́ kó dà sójú ihò páìpù. Ó fẹ́ fi ẹ̀rọ omi síta, Hàlímátù kọ̀.

"Inú ni kí o fi sí."

"Haba, Mummy! Àgbò ò mọ ẹ̀rọ ṣí o."

"Fi síbẹ̀."

Lọ́jọ́bọ̀, àgbà mẹ́ta nínú ẹbí ọkọ Hàlímátù wá, wọ́n sì pè é sí kọ̀rọ̀. Enoch rí i tó kúnlẹ̀.

"Mo gbọ́, ẹ̀yin bàbá mi. Tọwọ́tẹsẹ̀ ni mo fi gbà á."

Wọ́n ṣàdúà fún un títí. Ọ̀kan nínú wọn ń nu ojú. Ó ní irú ìyàwó báyìí ò wọ́pọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, Enoch wá dán iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ó ṣí ẹ̀rọ, omi já yàà. Ó da garawa omi méjì sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ bá páìpù lọ láìku ẹ̀kán kan. Lẹ́yìn fẹ́ǹsì, wọ́n ń kó àga sínú ọkọ̀ ẹlẹ́rù.

"Ó dáa," ni Hàlímátù wí. Ó fi ìgbálẹ̀ gbá ibẹ̀ fúnra rẹ̀.

Enoch ń palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ nígbà tí àwọn àgbà mẹ́ta náà wọlé pẹ̀lú Alhaji Olúrántí, tí Níyì ọmọ rẹ̀ ti ta ilé mọ́ ọn lórí kó tó wọ bàálù lọ sí Canada, tí ẹbí sì ti bẹ Hàlímátù pé kó fún un níbi tó máa gbé nínú ọgbà rẹ̀. Hàlímátù gba ẹní àti àpò lọ́wọ́ Alhaji, ó mú un kọjá ẹnu ọ̀nà iwájú, ó mú un dé ẹ̀yìnkùlé, ó ṣílẹ̀kùn ilé àgbò, ó ní, "Ẹ tẹríba kí ẹ tó wọlé, Alhaji. Ẹ̀yin tiẹ̀ rí omi."