Ọjọ́ Tí Wọ́n Fòfin De "Bọ̀dá" Nílé Búrẹ́dì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ gba ènìyàn síṣẹ́, ì báà ṣe ẹnìkan péré.

1.
Ọlábùnmí ní ilé búrẹ́dì kan ní Kuje, ní Àmùwò. Búrẹ́dì rẹ̀ rọ̀, kì í tètè bu, àwọn ìyá ọmọ ní Fẹ́sítáàkì sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ayé ń yí. Fúláwà wọ́n, gáàsì wọ́n. Àwọn kan tún ṣí ilé búrẹ́dì tuntun sí Abúlé Adó, tí wọ́n ń gbé búrẹ́dì dé ẹnu ọ̀nà ẹni tó bá pè wọ́n lórí fóònù. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá Ọlábùnmí ṣiṣẹ́ ti ń wo ọ̀hún.

Ẹni tí kò jẹ́ kí wọ́n lọ ni Bọ̀dá Sùrájù. Iṣẹ́ ààrò ni wọ́n gbà á fún, òun ló ń yan búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n òun náà ló ń parí ìjà, òun ló ń lé ẹni tí kò fọwọ́ padà sídìí omi, òun ló ń bá ẹni tí inú ń bí sọ̀rọ̀ títí yóò fi rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni kò ní kó ṣe é. Ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn ló kàn jẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Ọlábùnmí ní kí wọ́n máa tètè dé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí wọ́n tó dá a lóhùn, gbogbo wọn kọ́kọ́ wojú Bọ̀dá Sùrájù. Nígbà tó fi orí sọ pé ó dáa, ni wọ́n tó ní, "A gbọ́, Màdáámù." Èyí dun Ọlábùnmí wọ egungun. Ta gan-an ló ni ilé iṣẹ́ yìí?

2.
Ó lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣàkóso òṣìṣẹ́ láyé tó ń yí yìí. Olùkọ́ sọ ọ̀rọ̀ tó dáa. Ó ní bí nǹkan bá fẹ́ yí padà níbi iṣẹ́, kí ọ̀gá kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ lọ àwọn òṣìṣẹ́. Kó wo ẹni tí wọ́n ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, kó fi í ṣe ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó wá mẹ́nu bà á pé àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tí gbogbo ènìyàn ti ń pe ara wọn lórúkọ.

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn nìkan ni Ọlábùnmí mú bọ̀ wálé.

Lọ́jọ́ Ajé, ó kó wọn jọ. Ó ní kò sí Bọ̀dá mọ́, kò sí Àǹtí, kò sí "ẹ" láàárín òṣìṣẹ́. Orúkọ ni kí wọ́n máa pe ara wọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé òun ju ẹnìkejì lọ.

Inúolúwa, ọmọbìnrin tó ń wọn èròjà, nawọ́ sókè. "Ṣé ẹ̀yin náà, ká máa pè yín ní Ọlábùnmí?"

Àwọn yòókù gbé ẹ̀rín mì.

"Màdáámù lèmi. Èmi ni mo gbà yín síṣẹ́."

Bọ̀dá Sùrájù gbé páànù rẹ̀ nílẹ̀. Ó padà sídìí ààrò rẹ̀.

3.
Ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú ń tì wọ́n. Nígbà tó yá, ojú kò tì wọ́n mọ́. Dennis tó ń po fúláwà, tí kò ju àkọ́bí Sùrájù lọ, ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n pè. "Sùrájù, gbé páànù wá." Ọkùnrin náà gbé páànù wá.

Ẹ gbọ́ o, kò bínú síta. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún, ìyẹn nìkan. Ẹni tí kò fọwọ́, kò rí i. Nígbà tí Dennis pe Inúolúwa ní ọ̀lẹ, tí ìjà dé, kò dá sí i. Àwọn méjèèjì yan ara wọn lódì, wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì kan náà.

Ọlábùnmí bi Sùrájù pé kí ló dé tí kò là wọ́n.

"Màdáámù, kí ni mo jẹ́ sí wọn?"



4.
Àsìkò yẹn ni ilé ìwé ńlá kan ní Fẹ́sítáàkì ní kí Ọlábùnmí wá máa ṣe búrẹ́dì tí àwọn ọmọ yóò máa jẹ. Wọ́n ní ọjọ́ àkọ́kọ́ làwọn yóò fi dán an wò. Iṣẹ́ yìí ló gbójú lé kí ará Abúlé Adó má bàa gbá a dànù. Bó bá bọ́, kò sí òmíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Inúolúwa da iyọ̀ sínú fúláwà, ó lọ pọn omi. Tẹ́lẹ̀, yóò ti ké sí Dennis pé òun ti fi iyọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Dennis dé, òun náà mú iyọ̀.

Sùrájù rí i láti ìdí ààrò. "Dennis, wọ́n ti fi iyọ̀ sí i."

Dennis kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Sùrájù, ààrò ni tìẹ. Fojú sí iṣẹ́ ẹ."

Ó fojú sí iṣẹ́ rẹ̀. Búrẹ́dì náà pọ́n, ó wu ojú.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ bí ọmọ kékeré ṣe ń ṣe tí nǹkan bá níyọ̀ jù. Wọ́n tu ú dànù. Àwọn kan mu omi títí inú fi ń run wọ́n. Kí ilé ìwé tó jáde, àwòrán búrẹ́dì náà ti wà lórí WhatsApp àwọn òbí, tí wọ́n ń béèrè ohun tí wọ́n fún ọmọ àwọn jẹ. Ilé ìwé ní kí Ọlábùnmí má padà wá. Àwọn tó ń ra tirẹ̀ tà ní oríta tí wọ́n ń pè ní Apple Junction gbọ́, àwọn náà fà sẹ́yìn.

5.
Ọlábùnmí tún kó wọn jọ. Ó ní òfin ti parí, kí wọ́n padà máa pe Sùrájù ní Bọ̀dá. Wọ́n pè é lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹni ń ka orúkọ òpópónà ni. Dennis tilẹ̀ ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Iná gílóòbù la lè pa ká tún tàn. Ọ̀wọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kan, Sùrájù wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ó ní òun ń lọ sí Abúlé Adó.

"Bọ̀dá Sùrájù, ẹ má ṣe báyìí sí mi."

"Màdáámù," ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, "ẹ pẹ́ kí ẹ tó pè mí."

Inúolúwa tẹ̀ lé e. Àwọn yòókù ń lọ níkọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún wọn pé ẹ má lọ. Dennis ló kẹ́yìn. Kò rí ẹni rán gbé páànù mọ́. Lónìí, táyà àlòkù ni wọ́n ń kó pamọ́ sínú ilé búrẹ́dì náà.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ayé ń yí lóòótọ́, ẹ bá a yí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó yọ ohunkóhun kúrò nílé iṣẹ́ yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń gbé ró. Ẹ má sì torí pé wọ́n ń gbọ́rọ̀ sí ẹnìkan lẹ́nu, kí ẹ wá sọ ọ́ di ẹni yẹpẹrẹ. Ẹ̀yin ni ó ń bá ṣọ́ ilé. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ní òṣìṣẹ́.

Àgbà kò sí nílùú, ìlú bàjẹ́. Baálé ilé kú, ilé dahoro.