Àmì Pẹ́ńsù Tó Wà ní Ojú Ewé Kọkàndínlógún

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ jù ú sílẹ̀. Àkàìparí gan-an ló ba ayé ẹni tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ẹ kà á dé òpin.

1.
Àǹtí Oníwèé ni gbogbo èèyàn ń pè é. Lórí pọ́díkáàsì rẹ̀, tí àwọn òbí ń gbọ́ lórí fóònù, ìwé ọmọdé ló ń yẹ̀ wò: èyí tó dára, èyí tí kò dára. Yàrá rẹ̀ ló ti ń ṣe é, pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé kí ariwo ọkọ̀ má baà wọlé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló máa ń kọ́kọ́ ka ìwé kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ti rú u lójú, yóò fi pẹ́ńsù fa àmì síbẹ̀, ìyá rẹ̀ yóò sì dá a lóhùn kó tó tan máìkì. Ìdí nìyẹn tó fi ń fọwọ́ sọ̀yà níparí ètò pé: "Mo kà á dé òpin. Ẹ rà á fún ọmọ yín."

2.
Òkìkí dé. Páálí ìwé ń wọlé bí òjò. Ìwé kan lọ́sẹ̀ di márùn-ún. Àǹtí wá ń ka ẹ̀yìn ìwé àti ojú ewé mẹ́ta àkọ́kọ́, ó parí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń bá a tún ohùn ètò náà ṣe, gbé ìwé kan sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tíì ṣí eléyìí rárá. Ó ṣì ń rùn bí ilé ìtẹ̀wé."

"Ìwé ọmọdé ni, kì í ṣe ìwé òfin! Ajá sọnù, wọ́n rí ajá, ó tán. Kí ló tún fẹ́ wà níbẹ̀?"

"Ẹ má wulẹ̀ sọ pé ẹ kà á dé òpin nígbà náà."

"Tan máìkì, jàre."

Ẹ gbọ́ gbólóhùn yẹn dáadáa: ìwé ọmọdé ni. Bí àgbà bá fẹ́ rẹ́ ọmọdé jẹ, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Mọ́mì, mo fa àmì síbì kan nínú ìwé yẹn."

"Tó bá yá, ọmọ mi."

Kò yá mọ́.

3.
Lẹ́yìn oṣù méjì, ìyá ṣàkíyèsí pé bí òun bá pe ọmọ láti apá òsì, kì í dáhùn. Oríkunkun ló pè é. "Àbí etí rẹ di ni?" Ó ti di lóòótọ́. Nígbà tí ìyá gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà tan iná sí etí náà, ó mí kanlẹ̀.

"Awọ inú etí yìí ti ya, ó sì ti kẹ̀ wọnú. Ẹnì kan ló ń gbá a létí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ká ní ẹ tètè gbé e wá ni, à bá rí i tún ṣe."

"Ta ni? Ọmọ mi, ta ni?"

Ọmọ wolẹ̀. "Tíṣà tó ń wá kọ́ mi ní ìṣirò nílé. Wọ́n ní àṣírí àwa méjèèjì ni."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ìwé tí mo fa àmì sí yẹn ní ọmọ dáadáa kì í tú àṣírí àgbà. Ẹ̀yin náà sọ lórí ètò pé ó dára. Ẹ ní ẹ kà á dé òpin."

4.
Ọlọ́pàá mú tíṣà náà lọ́jọ́ yẹn. Àǹtí délé, ó fa ìwé náà yọ lábẹ́ páálí. Ojú ewé kọkàndínlógún: àwòrán ọmọ kan tó fọwọ́ bo ẹnu, tí inú rẹ̀ ń dùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àmì pẹ́ńsù, àti ìkọ̀wé wẹ́wẹ́: "Mọ́mì, tí àgbà yẹn bá ń nà mí ńkọ́?"

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó tan máìkì, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Òbí kan fèsì: "Èmi náà ti ra ìwé yẹn fún tèmi. Ẹ̀yin lẹ ní kí n rà á." Ètò náà kò dún mọ́ láti ìgbà náà. Ọmọ ṣì fẹ́ràn ìwé. Bí ìyá rẹ̀ bá ń kà fún un, yóò rọra yí etí ọ̀tún sí i.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin tó ń tẹ̀wé, ẹ má jẹ́rìí sí ohun tí ẹ kò kà tán. Bí ọmọ bá bi yín ní ìbéèrè, ẹ dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Ẹ sì sọ fún un lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, pé àgbà tó bá nà án tó ní kó dákẹ́, kò ní àṣírí kankan tó yẹ kí ọmọ bá a bò.

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìyẹ.