Ọ̀rọ̀ Tí Kò Ní Àmì

Mo ṣèlérí ní gbangba pé ìtàn yìí kò ní gùn. Mo ti ṣe irú ìlérí yìí níbi ìsìnkú méjì rí, mo sì mú un ṣẹ níbi ọ̀kan.

Olúwatóbilọ́ba, Tóbi lẹ́nu gbogbo èèyàn, ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ń fẹ́ Kíkẹ́lọmọ, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì, tí ó ku díẹ̀ kó jáde. Kíkẹ́lọmọ náà ń fẹ́ ẹ. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò tíì sọ nǹkan kan ni bàbá Kíkẹ́lọmọ, Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà, tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá kó tó fẹ̀yìntì. Bí kò bá sì sọ nǹkan, kò sí ìyàwó.

Lọ́jọ́ kan, bàbá yìí ránṣẹ́ pe Tóbi. Kọ̀ǹpútà kan wà nílé òun. Kó wá fi Python, ètò ìṣirò kan, sí i, kí Kíkẹ́lọmọ lè máa fi ṣe ìṣirò ẹ̀gẹ́ tó gbìn fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀.

"Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló fẹ́ yẹ̀ wò o," Kíkẹ́lọmọ kìlọ̀ fún un lórí fóònù. "Ìwọ ló fẹ́ yẹ̀ wò. Tóo bá débẹ̀, má sọ 'ok' fún bàbá mi."

"Ok," ni Tóbi wí.

Ó dé Ọ̀yọ́ ní aago mẹ́wàá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá ní kó dìde, pé kọ̀ǹpútà náà kò sí nílẹ̀, orí tábìlì ló wà.

Python fúnra rẹ̀ wọlé láìjanpata. Àwọn ẹrù mẹ́rin, ìyẹn àwọn ètò kéékèèké tó yẹ kó tẹ̀ lé e, ni kò wọlé. Tóbi gbé àkọ́kọ́ sí i, ẹ̀rọ ní òun kò rí ojú ọ̀nà dé fódà tí yóò wà. Ó yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ó tún gbé e sí i padà. Ẹ̀rọ kò rí ojú ọ̀nà. Ó pa ẹ̀rọ, ó tún tàn án. Ó pa ètò tó ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fáànù ń yí.

"Ẹ̀rọ yẹn ń sọ̀rọ̀," ni Bàbá wí láti orí àga rẹ̀. "Ṣé ò ń ka ohun tó ń sọ?"

"Mò ń kà á, sà."

"Kà á dáadáa."

Ìgbà yẹn ni Tóbi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kà á dáadáa. Níbi tó yẹ kí orúkọ ẹni tó ni ẹ̀rọ wà nínú ojú ọ̀nà náà, àmì ìbéèrè mẹ́rin ló jókòó sáàárín lẹ́tà mẹ́ta. Ó ṣí fódà náà wò. Lọ́jọ́ tí wọ́n ra ẹ̀rọ, Bàbá ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i: Adéṣínà, àmì lókè, àmì nísàlẹ̀.

"Bàbá, mo ti rí i. Àmì orúkọ yín ni àwọn ẹrù yìí kò lè gbé mì. Tí a bá lè kọ ọ́ láìsí àmì..."

"Kí ni yóò wá máa jẹ́?"

"Adesina, sà."

"Ta nìyẹn?"

Tóbi gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọọdù.

"N kò bínú," ni Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ̀wé, n kò yọ àmì kúrò níbi tó yẹ kó wà, n kò sì fi í síbi tí kò yẹ. N kò ní bẹ̀rẹ̀ lónìí nítorí ètò tí wọ́n sọ lórúkọ ejò."

Tóbi tún yíjú sí ẹ̀rọ. "Kò di dandan ká fọwọ́ kan orúkọ yín, sà. Mo lè ṣí fódà mìíràn síta fún wọn, kí wọ́n máa gbé ibẹ̀. Kìkì pé orúkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní àmì kankan. Ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tó pé láìní àmì."

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó wo ọmọkùnrin náà bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni.

"Omi," ni ó wí. "Rárá o, omi àti iná kì í ṣọ̀rẹ́. Kọ oko. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, kò sí nǹkan lókè, kò sí nǹkan nísàlẹ̀."

Tóbi kọ oko. Ẹrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé ní ìṣẹ́jú mẹ́fà. Bàbá kò yìn ín. Ó fún un ní ọsàn mẹ́ta, ó ní kó kí àwọn ará ilé.

Ní ọjọ́ kẹrin, àtẹ̀jíṣẹ́ Bàbá wọlé sórí fóònù Tóbi: "Tóbilọ́ba, ọ̀rọ̀ oko Kíkẹ́lọmọ ti yanjú. Ìwọ ni mo yàn. Tètè dé ní Sátidé, kí o sì mú ọkùnrin mẹ́ta dání."

Tóbi kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Gbogbo àmì rẹ̀ ló pé. Ó sáré kà á bó ṣe yé e fún Timothy, tó ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì.

"Ọkọ ìyàwó!" Timothy pariwo. "Python ti fún ẹ níyàwó! Èmi ńkọ́, ṣé ṣájà ni kí n fẹ́?"

Ní Sátidé, Tóbi kó bàbá rẹ̀ àti àbúrò bàbá rẹ̀ méjì sínú bọ́ọ̀sì kékeré kan. Agbádá ni gbogbo wọn wọ̀. Wọ́n di iṣu méjìlélógójì sẹ́yìn ọkọ̀. Aago mẹ́jọ kò tíì lù tí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà Bàbá Adéṣínà.

Bàbá jáde pẹ̀lú ṣòkòtò kúkúrú, ó kí àwọn àgbà kú ìrìn, ó kí wọn kú ẹwà, ó wá nawọ́ sí ọkọ́ mẹ́rin tó fi ti ògiri, ó ní, "Koríko ti fẹ́ gba ẹ̀gẹ́ ọmọ yìí lọ́wọ́ rẹ̀, oko ni mo kọ, ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ rí àmì kankan nísàlẹ̀ rẹ̀ ni? Ọ̀rọ̀ ọkọ di ìgbà tí a bá ro ó tán," ẹ̀yin tí mo ń sọ ìtàn yìí fún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó dé Under G o, torí Tóbi ti sọ fún wọn níbẹ̀ pé kíbọọdù ló bó òun lọ́wọ́, kì í ṣe ọkọ́.