Ohun tí Òkété wọ́n sára Yúnyun

Àlọ́ mi balẹ̀ gbì, ó bà lé Ewúrẹ́ onímọ̀ọ́tótó àti Òkété aládùúgbò rẹ̀.

Elégédé Òkété ń tanná, kò so, nítorí oyin kì í yà síbẹ̀. Ebi sì ń pa ọmọ rẹ̀. Òkété bá gbin yúnyun sẹ́gbẹ̀ẹ́ elégédé náà, òdòdó ìparí òjò tí oyin fẹ́ràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ewúrẹ́ jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Igbó lásán! Mo bá ọ túnlé ṣe ni."

Òkété tún un gbìn. Ó po ìgbẹ́ Ewúrẹ́ mọ́ omi, ó wọ́n ọn sára ewé, ó ń kọrin:

Yúnyun á tanná.
*Oyin ń bọ̀!*
Elégédé á so.
*Oyin ń bọ̀!*

Ewúrẹ́ dé, ó yínmú. "Ta ló ṣu síbí?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

Yúnyun tanná, oyin dé, elégédé so. Ewúrẹ́ wá tọrọ elégédé. Òkété fún un ní irúgbìn yúnyun.

"Ẹ lọ gbìn ín. Ohun tí ẹ ó wọ́n sí i kí ẹ má baà jẹ ẹ́, ẹ̀yin náà lẹ ń gbé e kiri."